Ẹ̀sùn lórí àpótí òǹtẹ̀ irin àti òòlù tí mo rà lọ́wọ́ yín

Sí Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbà ọwọ́, òrùka àti yẹtí ni mo ń fi bàbà àti fàdákà ṣe. Ọwọ́ yín ni mo ti ra àpótí òǹtẹ̀ irin onílẹ́tà 26 (ọ̀pá irin kéékèèké tí a ń fi òòlù lù kí lẹ́tà ẹnu rẹ̀ lè hàn lára bàbà tàbí fàdákà), pẹ̀lú òòlù kan. Ẹ kọ ọ́ sára àpótí náà pé irin tí wọ́n ti fi iná mú le ni gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ọmọ oníbàárà mi ni mo fẹ́ tẹ̀ sára ẹ̀gbà bàbà. Mo ti kọ́kọ́ ki bàbà náà bọ iná títí ó fi pọ́n díẹ̀, mo sì rì í sómi kó lè rọ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí irin pẹrẹsẹ, mo sì lu òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí n tó parí orúkọ náà, ẹsẹ̀ àárín lẹ́tà E ti tẹ́, ẹnu S sì ti wó. Ẹ̀gbà náà bàjẹ́ nìyẹn, torí àpá òǹtẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè nù kúrò.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí yín, èsì tí ẹ fún mi ni pé ó ní láti jẹ́ pé mo lù ú jù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Bí òǹtẹ̀ bá le bó ṣe yẹ, bàbà tó ti rọ̀ kò lè tẹ̀ ẹ́ láéláé. Mo wá mú fáìlì, irin eléyín wẹ́wẹ́ tí a fi ń ha irin, mo fi í fa ẹnu òǹtẹ̀ náà níbi tí lẹ́tà wà. Kì í ṣe orí tí òòlù ń bà ni mo dán wò o; ibẹ̀ yẹn lè rọ̀ díẹ̀ kó má baà fọ́ síni lójú. Fáìlì jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́, ẹ̀rún irin ń já bọ́, èyí tó fi hàn pé kò le. Mo tún fà á sára òǹtẹ̀ àtijọ́ kan tí mo ti ń lò tipẹ́: ńṣe ló ń yọ̀, kò mú nǹkan kan. Ẹ dán an wò fúnra yín lára èyí tó wà nílé ìkẹ́rùsí yín, kò ní gbà yín ní ìṣẹ́jú kan.

Òòlù náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò dán ojú rẹ̀, gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀ ló sì hàn sára òrùka fàdákà 925 (èyí tí ìdá 925 nínú 1000 rẹ̀ jẹ́ fàdákà gidi) tí mo fi í lù.

Ẹ dá owó òǹtẹ̀ àti òòlù padà fún mi, kí ẹ sì san owó tí mo máa fi dá ẹrù náà padà. Mi ò fẹ́ òmíràn látinú ẹrù kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ̀rọ̀ "irin tí wọ́n ti fi iná mú le" kúrò lára àpótí yẹn títí ẹ ó fi yẹ̀ wọ́n wò, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yóò rò pé ọwọ́ òun ni kò dára.

Mo fi àwòrán òǹtẹ̀ méjèèjì, ẹ̀gbà àti òrùka náà mọ́ lẹ́tà yìí. Mò ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 14.

Èmi ni,
Oníbàárà yín