Ẹ Má Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Máa Sáré Bá Ẹlikọ́pítà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí lọ́kàn, mi ò sì lè dákẹ́.

Wọ́n ń ṣe òkú àgbà kan ládùúgbò wa. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò háyà ẹlikọ́pítà wá láti Èkó, pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ló sì bà sí. Wọn ò ta okùn yí pápá ká, kò sì sẹ́ni tó dá èrò dúró. Bí a ṣe gbọ́ ìró rẹ̀ lókè báyìí, tọmọdé tàgbà tú síta, fóònù lọ́wọ́. Eruku bò wá. Agboòrùn ìyá ẹlẹ́pà kan fò lọ bí ewé. Ẹlikọ́pítà ti balẹ̀, fáànù rẹ̀ ṣì ń yí, ni ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ bá bẹ́ sáré. Atẹ́gùn ló gbé fìlà bàbá rẹ̀, abẹ́ ìrù ẹlikọ́pítà gan-an ni fìlà náà sì lọ bà sí. Kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ni mo rí gbá mú. Bọ́tìnnì méjì já sí mi lọ́wọ́.

Wẹ́dà ni mí. Ọdún 17 ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì, ọjọ́ 28 lórí omi, ọjọ́ 28 nílé ní Òṣogbo. Láti Pọ́tákọ́tì, ẹlikọ́pítà ló ń gbé wa lọ, òun ló ń gbé wa bọ̀. Kí wọ́n tó gbà kéèyàn wọ̀ ọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde nínú rẹ̀ lábẹ́ omi. Wọ́n á fi bẹ́líìtì dè ọ́ mọ́ àga nínú ohun tó dà bí ikùn bàálù, wọ́n á rì í sínú omi, wọ́n á wá dà á dojú dé, torí pé òkè ni ẹ́ńjìnnì ẹlikọ́pítà wà, tó bá já sómi, orí rẹ̀ ló sábà máa ń lọ sísàlẹ̀. O ó fi ọwọ́ kan di etí fèrèsé mú, o ó fi èkejì tú bẹ́líìtì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi gba imú mi wọlé, mo rò pé ó ti tán.

Lọ́jọ́ ìrìn-àjò, wọ́n á gbé èèyàn àti báàgì rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. A kì í dé fìlà. A ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tẹ̀lé ẹni tó ń darí wa, níbi tí páílọ́ọ̀tì ti lè rí wa, a kì í gba ẹ̀yìn láéláé. Fáànù kékeré tó wà ní ìdí yẹn máa ń yí débi pé ojú kì í rí i mọ́, àfi bí èéfín fẹ́lẹ́. Ti orí pàápàá, bí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì tó wá ń rọra yí, atẹ́gùn lè tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ bá orí èèyàn. Níbi tí ilẹ̀ bá sì ti ga lápá kan, bí pápá tiwa yìí, ẹni tó bá gba apá òkè wá ti fi orí ara rẹ̀ lọ fáànù.

Eruku ọ̀hún náà kì í ṣe ohun eré. Ẹ rántí Kàbbà, oṣù kejì ọdún 2019: eruku wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹlikọ́pítà tó gbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, Igbákejì Ààrẹ nígbà náà, já lulẹ̀. Ọlọ́run ló yọ gbogbo wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó: kí wọ́n wọ́n omi sí pápá, kí wọ́n ta okùn, kí àwọn ọmọ má kúrò lẹ́yìn okùn títí fáànù yóò fi dúró pátápátá. Àwòrán ẹlikọ́pítà tí ẹ̀yin náà gbé jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ tún un wò. Ọmọ mẹ́ta ló dúró sídìí ìrù rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ òmíràn, mo ṣe tán láti wá sí ọ́fíìsì yín kí n fi bírò sàmì síbi tó yẹ kí èrò dúró sí.

Èmi ni tiyín,
Wẹ́dà tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo.