Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ bá olórí rẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn aláṣẹ yunifásítì létí, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ òfurufú. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré ọmọdé. Lọ́dún 2019, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ University of Southern California ṣe kọjá kìlómítà 100 sókè. Ní yunifásítì méjì mìíràn, California Polytechnic State University àti Stanford University, ni sátẹ́láìtì kékeré tí wọ́n ń pè ní CubeSat ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1999.

Ohun tó ń pa ẹgbẹ́ ni kí ẹnì kan ṣoṣo mọ ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ọjọ́ tó bá gboyè jáde, iṣẹ́ dúró. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún kìíní fọwọ́ ara rẹ̀ fi òjé lẹ wáyà, kó sì kọ ohun tó bàjẹ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ìgbà tí àyẹ̀wò bá forí ṣánpọ́n gan-an ni ìwé náà wúlò jù. Kí olórí tuntun sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ti àná tó lọ.

Ẹ̀yin aláṣẹ, yàrá kan tó ní kọ́kọ́rọ́ àti olùkọ́ kan tí yóò máa yọjú sí wọn ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó ti darí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí