Ẹ̀yìn Ni, Kì Í Ṣe Ìgbéraga

Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Òòrùn Sókótó ńkọ́? Mo fẹ́ pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo bá fi ẹnu sọ ọ́, ẹkún ni yóò gbà á lẹ́nu mi. Òòró ni mo wà tí mo ń kọ ọ́, lórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, torí àti àárọ̀ ni ìjókòó ti kọ̀ fún mi.

Ní Sátidé tó kọjá, Màmá ọkọ mi yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn ìyá méjì sì tẹ̀ lé wọn. O mọ̀ mí, Àbẹ̀kẹ́. Ta ni ìyá rẹ máa ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ yín bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà? Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí aago mẹ́rin òru ni ẹ̀yìn ti jí mi lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe rí wọn, mo dìde, mo ní kí n kúnlẹ̀, àfi bí ìgbà tí ẹnì kan ti irin gbígbóná bọ ìbàdí mi. Mo di máṣíìnì mú. Orí nìkan ni mo rí tẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà." Màmá dáhùn, wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn wò mí láti òkè délẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé etí ìyá mi ní Sábó, pé ọmọ wọn kò tíì wọlé ọkọ tó ti ń fi òòró kí ìyá ọkọ.

Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀yìn lọ.

Oṣù kẹrìnlá rèé tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí. A jọ rò pé àpò aṣọ àǹkóò tí mo gbé sọ̀ nínú kọ́rópe lọ́jọ́sí ló fà á, pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Ní ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n bi mí léèrè ọjọ́ orí, mo ní ọdún 26, ọkùnrin tó ń yẹ̀ mí wò rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni ọmọdé ń fi ẹ̀yìn ríro ṣe. Ó kọ oògùn ìrora fún mi, mo ń lò ó láìjẹun títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ní ibòmíràn, wọ́n ya fọ́tò egungun, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n lọ ṣe MRI, ìyẹn fọ́tò tó ń fi inú ara hàn. Oṣù méjì gbáko ni mo fi tọ́jú owó rẹ̀. Èsì dé: egungun dára, kò sí ohun tó yẹ̀. Gbogbo ilé ń dúpẹ́, èmi wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo sunkún. Kì í ṣe pé mo fẹ́ àìsàn. Ohun tí wọ́n bá rí ní orúkọ, mo sì lè fi orúkọ náà dá àwọn èèyàn lóhùn.

Dókítà obìnrin kan ló wá fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹsẹ̀ mi ń kú, bóyá ìtọ̀ ń bọ́ lára mi láìmọ̀, bóyá ara mi máa ń le gan-an ju 30 ìṣẹ́jú lọ bí mo bá jí. Ó ní bí èyíkéyìí nínú méjì àkọ́kọ́ bá ṣẹlẹ̀, kí n má dúró di ọjọ́ kejì kí n tó wá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọn ò rí nǹkan níbẹ̀ náà. Ó ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn ni fọ́tò kankan kò lè fi ìdí rẹ̀ hàn, ìyẹn ò sì sọ ìrora wọn di irọ́. Ó ní bí ìrora bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, ohun tó kọ́kọ́ pa ara lára lè ti jinná, kí ọpọlọ ṣì máa kígbe ewu, bí ajá tí olè ti dẹ́rù bà lẹ́ẹ̀kan, tí ewé kan bá mì báyìí, á máa gbó. Kí n má sùn kalẹ̀, kí n máa rìn. Ní báyìí, ní ìdájí, mo ń rìn láti Lágere dé ojú ààfin ní Ẹnuwá, mo sì ń rìn padà. Lọ́jọ́ míì ó ń rọlẹ̀, lọ́jọ́ míì bíi pé mi ò rìn rárá.

Ìyá mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n ti kó ṣúgà kúrò nílé, àgbo kún inú ìgò. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́, àwọn náà ló ń fi òrí pa ẹ̀yìn mi, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń pa á.

Ọlọ́jọ́ ti kọjá, owó òwú ti gbẹ́nu sókè, ìyá alákàrà ti kó lọ sí Modákẹ́kẹ́, ọmọ tí o sọ lórúkọ ti ń rìn!

Àbẹ̀kẹ́, orí ẹní ni mo ń sùn báyìí, bẹ́ẹ̀dì rírọ̀ ò gbà mí mọ́. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń ṣàdúrà pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mọ ẹní, kí ni kí n ṣe? Lóru, ohun tí mo ń rò ni pé ṣé ẹ̀yìn yìí á lè pọn ọmọ. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni, àní fún ọkọ mi pàápàá. Ó mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dùn mí, kò mọ bó ṣe tó. Ní Sunday, èmi àti òun yóò lọ bá Màmá, mo fẹ́ fẹnu ara mi ṣàlàyé fún wọn.

Àmọ́ ìdána ń bọ̀, Sátidé kejì nínú oṣù Kejìlá. N óò kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí mi, n óò kúnlẹ̀ níwájú ti ọkọ mi, o sì mọ bí àdúrà àwọn àgbà ilé wa ṣe máa ń gùn tó. Jọ̀ọ́, wá. Apá òsì mi ni mo fẹ́ kí o kúnlẹ̀ sí. Tí mo bá di apá rẹ mú, kí o gbé mi dìde bí ẹni pé ijó ni. Mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè bẹ̀.

Tètè dé ní Thursday, kí ara rẹ fi rí ìsinmi. Mo ti gé aṣọ tìrẹ, ìwọ̀n rẹ ti tẹ́lẹ̀ ni mo lò. Bó bá ti yí padà, fi tuntun ránṣẹ́ kí n tó rán an pọ̀.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ