Ooru Nìkan Kọ́ Ni Igi Ilẹ̀ Òtútù Ń Retí

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí lórí àyípadà ojú-ọjọ́, inú mi sì dùn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń rí àyè nínú ìwé ìròyìn tí a ń fi èdè wa kọ. Ibì kan ṣoṣo ló kọ mí lóminú, ìyẹn ibi tí òǹkọ̀wé ti sọ pé bí ayé ṣe ń móoru sí i, àwọn igbó ńlá ìhà àríwá ni yóò jèrè, pé igi wọn yóò máa yára dàgbà, wọn yóò sì máa bá gbogbo wa fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sára. Èrò náà dùn ún gbọ́, kò sì ṣàìní ìdí, nítorí òtútù ni olórí ọ̀tá igi ní ilẹ̀ wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó ń wọn igi náà rí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ooru ṣe pọ̀ tó kò tó láti sọ bí igi yóò ṣe sanra; àkókò tí ooru náà dé, àti ohun tó bá nílẹ̀ nígbà tó dé, ló ń pinnu rẹ̀.

Igbó tí à ń wí yìí gba Alaska àti Kánádà kọjá, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti Norway, ó la Sweden àti Finland já títí dé ìpẹ̀kun Siberia ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Bí a bá pín gbogbo igbó ayé sí ọ̀nà mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú rẹ̀. Igi spruce, páìnì, larch àti birch ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ìlú Verkhoyansk, ní Siberia, níbi tí igi larch ti ń hù, wọ́n ti wọn òtútù tó lọ sí dígírì 67.8 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ́dún 1892. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ìlú kan náà ni ooru ti dé dígírì 38. Igi tó bá ń gbé irú ibẹ̀ ní oṣù díẹ̀ péré láti fi ṣe gbogbo iṣẹ́ ọdún rẹ̀, òrùka tí ó sì máa fi sí ara lọ́dún kan lè máà tó mìlímítà kan.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé òrùka yìí díẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Lábẹ́ èèpo igi ni awọ tín-ín-rín kan wà tó ń bí igi tuntun. Nígbà òtútù, ó ń sùn. Nígbà tí yìnyín bá yọ́, tí òtútù òru kò sì rẹlẹ̀ ju nǹkan bí dígírì 4 tàbí 5 lọ mọ́, ó jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ńláńlá tí ògiri wọn fẹ́lẹ́. Nígbà tí ìgbà ooru bá ń lọ sópin, àwọn kéékèèké tí ògiri wọn nípọn ló ń bí, àwọn ni a sì ń rí bí ìlà dúdú nígbà tí a bá gé igi. Onímọ̀ nípa igi kan, Sergio Rossi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2006 pé oṣù tí ooru mú jù lọ kọ́ ni awọ yìí ń ṣiṣẹ́ kíákíá jù lọ. Ìgbà tí ọ̀sán gùn jù lọ lọ́dún ni, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà. Ó jọ pé igi ń ṣọ́ra, kí ògiri àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bí lè nípọn tán kí òtútù tó padà. Ooru lè tètè dé, ṣùgbọ́n ọ̀sán tó gùn jù lọ kò kúrò ní àyè rẹ̀.

Lọ́dún 2015, Henri Cuny àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi kún un, nígbà tí wọ́n yẹ àwọn igbó kan wò ní ilẹ̀ Faransé, pé igi máa ń tóbi ní ìbú ṣáájú kí ó tó fi kábọ́ọ̀nù kún inú ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, àlàfo àárín méjèèjì sì lé ní oṣù kan. Ẹni tó bá fi okùn wọn igi ní oṣù Kẹfà lè yọ̀ pé ó ti sanra, nígbà tí iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ oṣù Keje àti Kẹjọ. Bí ọ̀dá bá wá dé ní oṣù méjì yẹn ńkọ́?

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Siberia. Ní ọdún 1999, Eugene Vaganov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé yìnyín ìgbà òtútù ti ń pọ̀ sí i ní apá àríwá ibẹ̀. Bí yìnyín bá pọ̀, yóò pẹ́ kí ó tó yọ́ tán, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á wà ní dídì, awọ igi á sì pẹ́ kó tó jí. Nípa bẹ́ẹ̀, ooru ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé tó yẹ kó ṣe igi láǹfààní ń bá a lójú oorun. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí ju gbogbo àwọn yòókù lọ, nítorí ó fi hàn pé ohun tó bọ́ ní oṣù Kejì lè gba èrè oṣù Kẹfà lọ́wọ́ igi.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ láti ilé ìwádìí Oak Ridge National Laboratory kọ́ àwọn yàrá ńlá aláìlórùlé sí àárín igbó spruce àti larch kan tó wà lórí irà, wọ́n sì fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú wọn, débi pé èyí tó gbóná jù fi dígírì 9 ju ìta lọ. Àwọn igi inú ibẹ̀ tètè rúwé, ewé wọn sì pẹ́ kó tó rẹ̀ lópin ọdún. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, òtútù líle já lu wọn, ó sì ba ewé àwọn tó ti tètè jí jẹ́. Àgbẹ̀ wa tó gbin àgbàdo sí òjò àkọ́rọ̀, tí òjò sì dá lẹ́yìn rẹ̀, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Bí igi bá tilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òtútù, omi ń dúró dè é. Ní àárín gbùngbùn Alaska, Valerie Barber, Glenn Juday àti Bruce Finney rí i lọ́dún 2000 pé ooru ọ̀rúndún ogún ti dín ìdàgbà igi spruce funfun kù, nítorí òùngbẹ tí ooru náà mú wá. Martin Girardin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ òrùka igi wò káàkiri igbó àríwá Kánádà, wọ́n sì sọ ní ọdún 2016 pé láti ọdún 1950 sí 2002, àwọn kò rí ẹ̀rí pé ooru àti kábọ́ọ̀nù tó pọ̀ sí i ti mú igbó náà lápapọ̀ yára dàgbà. Àwọn ibì kan jèrè, àwọn ibòmíràn pàdánù. Igi tó bá tètè rúwé a máa tètè fa omi ilẹ̀ tán, kí oṣù Keje tó dé.

Mi ò sọ pé ooru kò ṣe igi kankan láǹfààní. Charles David Keeling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 1996 pé ìlọsókè-sódò kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ láàárín ọdún, èyí tó ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ewéko bá ń fà á mọ́ra ní ìgbà ooru, tó sì ń gòkè padà nígbà òtútù, ti fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i ní àgbègbè Arctic, ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, èyí tó fi hàn pé ewéko àríwá ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ewé tútù kì í ṣe igi líle, kábọ́ọ̀nù tí ewé bá sì fà lè padà sínú afẹ́fẹ́ láìpẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún kọ̀wé sí yín pé igbó àríwá yóò gbà wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í ní oṣù tí ooru náà dé àti bí omi ilẹ̀ ṣe rí lóṣù náà.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn tó ń gbin igi ní Sweden àti Finland. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé bí wọ́n bá kó irúgbìn páìnì láti àríwá lọ gbìn sí gúúsù, òru ibẹ̀ tó tètè ń gùn á mú kó dáwọ́ dúró ṣáájú àkókò. Bí wọ́n bá sì kó ti gúúsù lọ sí àríwá, yóò máa dàgbà nìṣó títí òtútù yóò fi ká a mọ́ láìmúra. Ní báyìí, ooru ń ṣí lọ sí àríwá, ọ̀sán àti òru kò sì bá a lọ. Igi tí wọ́n bá gbìn lónìí lè pé ọdún 80 kí wọ́n tó gé e, kò sì sí irúgbìn kan nínú àká wọn tó ti gbé rí níbi tí irú ooru bẹ́ẹ̀ àti irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ti pàdé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan,
Ìbàdàn.