Lẹ́tà sí Fúnmi: kí o tó sunkún lórí 2.8 yẹn

Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Fúnmi mi,

Òkun o. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí ọ bẹ́ẹ̀, àbí? Àwa wà níbí. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ọ̀nà Lọ́kọ́ja ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, àwọn tírélà sìmẹ́ńtì sì ń kọjá bíi pé àwọn nìkan ni wọ́n la títì fún. Ara màmá rẹ le. Mo rí wọn lọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń ná ẹ̀gúsí títí ọlọ́jà fi ní kí wọ́n kúkú máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. N kò sọ nǹkan kan fún wọn o. Ohun tó o bá mi sọ, inú mi ló wà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹkún ni mo sì gbọ́ jù nínú rẹ̀. Mo fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn, ọ̀rọ̀ ń pọ̀ jù, iná tún lọ, ni mo bá fa ìwé yọ. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ ní Kánádà lọ́jọ́ Ajé, òun ni yóò mú un bọ̀ fún ọ.

O ní wọ́n ṣe àyẹ̀wò AMH fún ọ, họ́mọ̀nù inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń díwọ̀n ẹyin tó kù lára obìnrin, 2.8 ló jáde, nọ́ọ̀sì sì ní ẹyin rẹ ti ń tán lọ, ìwọ ọmọ ọdún 34. O ní, "Bísí, ìwọ tó ń ṣe é, kí ni nǹkan náà gan-an? Ṣé ó ti parí nìyẹn?" Kò parí. Àmọ́ mi ò fẹ́ tù ọ́ nínú lásán, mo mọ̀ ọ́, o ò ní gbà. Jẹ́ kí n mú ọ wọ láàbù, ìwọ tó sá fún Biology lọ kọ́ Accounting.

Orúkọ nǹkan yẹn gan-an, Anti-Müllerian Hormone, ń tanni jẹ. Müller tó wà nínú rẹ̀, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Jámánì ni. Ní 1830 ló ṣàpèjúwe ọ̀nà kéékèèké méjì kan tó máa ń wà nínú ọlẹ̀, èyí tó máa ń di ilé ọmọ bí ọlẹ̀ náà bá jẹ́ obìnrin. Nígbà tó di 1947, Alfred Jost ní ilẹ̀ Faransé yọ kórópọ̀n àwọn ọmọ ehoro tí wọ́n ṣì wà nínú ìyá wọn. Akọ àtabo ló ní ilé ọmọ! Ó fi họ́mọ̀nù ọkùnrin sí àwọn kan lára, síbẹ̀ ọ̀nà ilé ọmọ yẹn kò rẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó mọ̀ pé nǹkan mìíràn tún wà tí kórópọ̀n ń ṣe, tó ń pa ọ̀nà náà rẹ́ lára ọkùnrin. Nǹkan ọ̀hún ni AMH. Ṣé o rí i? Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọkùnrin ni wọ́n wá ń fi dẹ́rù ba obìnrin báyìí.

Lára àwa obìnrin, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí ẹyin kéékèèké ká ló ń ṣe é. Bí ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde bá pọ̀, AMH inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀. Bí wọ́n bá kù díẹ̀, òun náà á rẹlẹ̀. Ẹbí ńlá ló ti wá, àwọn púrótéènì tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé dàgbà tàbí dúró. Ẹnì kan wà nínú ẹbí náà tí wọ́n ń pè ní BMP15, ẹyin fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìyẹn. Irú àgùntàn kan wà ní New Zealand tí BMP15 rẹ̀ ní àbùkù: èyí tó bá jogún àbùkù náà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo máa ń bí ìbejì, èyí tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì kì í bímọ rárá. Ọjọ́ tí mo kà á, mo rò ó títí. Àwa tí à ń fi ìbejì ṣọdún, nǹkan kan náà ló ń fúnni ní méjì, tó tún ń gba ẹyọ kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí tábìlì. Àwo tí mo fi ń ṣe é kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ihò 96 ló wà nínú rẹ̀, bí ọpọ́n ayò tí wọ́n gbẹ́ fún èèrà. Láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni wọ́n ti lẹ antibọ́dì, irú púrótéènì kan tó máa ń gbá nǹkan mú, mọ́ ìdí ihò kọ̀ọ̀kan, AMH nìkan ni antibọ́dì yẹn mọ̀ í gbá mú. Màá bu omi ara ẹ̀jẹ̀ sí i, èyí tí kò tó ẹ̀kán omi kan. A ó dúró, a ó fọ̀ ọ́. A ó fi antibọ́dì kejì sí i, òun á gbá AMH náà mú láti òkè, tí wọn á fi há a sáàárín bí àkàrà inú búrẹ́dì. Antibọ́dì òkè yìí ti gbé fítámínì kan tí ń jẹ́ biotin pọ̀n. A ó tún fọ̀ ọ́, a ó wá da èròjà kan tó máa ń so mọ́ biotin sí i, tòun ti nǹkan tó ń mú àwọ̀ jáde.

Fífọ̀ yẹn ni iṣẹ́. Màá da àwo náà dé, màá gbá a mọ́ tíṣù lórí tábìlì, pá, pá, pá, kí omi kankan má kù sí i. Ọmọ ilé ìwé tó wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa ní mo dà bí ẹni tó ń gún iyán lóru tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi àwọ̀. Búlúù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ihò kọ̀ọ̀kan bí aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú aṣọ, òmíràn á ki, òmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Bí mo bá ti kán ásíìdì sí i báyìí, gbogbo rẹ̀ á di yẹ́lò lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ á tan ìmọ́lẹ̀ 450 nanometer sí i, á ka bí àwọ̀ náà ṣe ki tó. Àwọn ihò kan wà tí kì í ṣe tàwọn tó wá ṣàyẹ̀wò, a ti mọ iye AMH tó wà nínú wọn tẹ́lẹ̀, àwọn la fi ń ya ìlà tí a ó fi wọn àwọn yòókù. Bí ìlà yẹn bá wọ́, èsì gbogbo ènìyàn wọ́.

Nítorí náà, nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún ọ yẹn, kò sẹ́ni tó ka ẹyin kankan. Àwọ̀ ni wọ́n kà, tàbí ìmọ́lẹ̀, bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ńlá.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ṣáájú ibi tí mo wà yìí (má bi mí níbi tó jẹ́), ihò ni owó. Ó yẹ ká máa ṣe ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ihò méjì, kí ọ̀kan máa jẹ́rìí èkejì. Ọ̀gá ní ọ̀kan tó. Kíìtì wọ́n lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ pé a lè máa kó ẹ̀jẹ̀ jọ sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó kún àwo kan, kí jẹnẹrétọ̀ máa gbé fírísà náà, kí owó epo máa lọ. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wá láti ìhà Bùnú, ọmọ ọdún 31, ọdún mẹ́rin lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ, kò tíì bímọ. Èsì rẹ̀ jáde: 0.2, ní ìwọ̀n tiwa níbí, ó rẹlẹ̀ gan-an. Mo tẹ̀ ẹ́, mo buwọ́ lù ú, ó gbé e lọ.

Ọjọ́ kejì ni mo ń to àwọn ìgò kéékèèké náà padà sí fírísà. Iye kan náà ni mo bù sínú gbogbo wọn, àmọ́ omi inú tirẹ̀ ga ju tàwọn yòókù lọ. Mo gbé e sókè síbi iná, mo wò ó, mo tún wò ó. Kò dín tó bó ṣe yẹ. Ẹnu pípẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n rà fún wa kò wọlé dáadáa, afẹ́fẹ́ ni mo fà ju omi lọ. Fúnmi, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ náà, ihò méjì, pẹ̀lú ìlà tuntun, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. 1.8 àti 1.9.

Wọ́n ní kí n pè é lórí fóònù. Fóònù kò lọ. Ní Sátidé, mo gun ọ̀kadà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni mo bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó ti òfì tó gbé ti ògiri, ó ń ti ọ̀pá rẹ̀ bọ ààrin òwú, kò gbójú sókè. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé tí ìyàwó yín gbà lọ́dọ̀ wa, èmi ni mo ṣe àṣìṣe, kì í ṣe òun." Ìyá náà ní, "Ìwé yẹn kẹ̀? Òun la fi ní kí ọmọ mi lọ fẹ́ ẹlòmíràn." Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró lórí òfì. Ìyàwó náà jáde láti inú ilé, ó gba ìwé tuntun náà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó ká a, ó fi sínú àyà aṣọ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tó ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo kúrò níbẹ̀.

Tìẹ wá ńkọ́? Àkọ́kọ́, nọ́ńbà ilẹ̀ yín kì í ṣe tiwa. Pmol/L ni wọ́n kọ síwájú 2.8 rẹ nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, ng/mL la ń lò níbí. Pín tìrẹ sí 7.14, ó di bíi 0.39. Ó rẹlẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Má sì fi wé ti ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tí wọ́n ṣe l'Ábújá, nítorí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan àti ti òmíràn kì í sọ ohun kan náà lórí ẹ̀jẹ̀ kan náà.

Èkejì ló jẹ́ kí n jí lóru. Ṣé o rántí ike oògùn irun tó o fi sínú àpò tó o kó ránṣẹ́ ní Kérésì? O ní òun lo fi ń mú irun iwájú orí rẹ hù, ojoojúmọ́ lo ń lò ó. Mo dìde, mo lọ wo ara ike náà: biotin, 10,000 microgram. Ohun tí ara àgbàlagbà nílò lójúmọ́ kò ju bíi 30 lọ! Biotin kan náà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni. Nínú àwo tèmi kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, nítorí a ti fọ ẹ̀jẹ̀ nù kí èròjà tó ń so mọ́ biotin tó dé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń lò ní ọsibítù yín, inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni ìso náà ti ń ṣẹlẹ̀. Bí biotin inú oògùn rẹ bá ti gba gbogbo ojú ìkọ́, AMH rẹ tó ti wà láàárín búrẹ́dì kò ní ríbi kọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ dànù, ẹ̀rọ á ní díẹ̀ lo ní. Àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní November 2017, lẹ́yìn tí ẹnì kan kú nítorí pé irú oògùn yìí fa èsì àyẹ̀wò ọkàn rẹ̀ wálẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti tún ẹ̀rọ tiwọn ṣe láti ìgbà náà. Mi ò mọ èyí tí wọ́n fi ṣe tìrẹ.

Bi wọ́n. Ní kí wọ́n sọ orúkọ ẹ̀rọ náà fún ọ, sọ fún dókítà pé o ń lo biotin, kí o sì dá a dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó tún ẹ̀jẹ̀ gbà, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí wọ́n fi sí ọ lápá ní ọdún tó kọjá kí o má bàa tètè lóyún ńkọ́? Ṣé wọ́n ti yọ ọ́, ó tó ìgbà wo? Irú ìyẹn náà máa ń fa AMH wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bí wọ́n bá wá tún un ṣe tó ṣì jẹ́ 2.8 ńkọ́? Ìyẹn gan-an lo fẹ́ bi mí tí o ò lè bi mí. Ní 2017, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí obìnrin 750, láti ọmọ ọdún 30 sí 44, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú láti lóyún, tí àìrọ́mọbí kò sì yọ wọ́n lẹ́nu rí. Àwọn tí AMH wọn rẹlẹ̀ lóyún bí àwọn tí tiwọn pọ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ni à ń fẹ́ lóṣù, Fúnmi. Ibi tí AMH ti wúlò gan-an ni bí wọ́n bá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ kó ẹyin jọ fún IVF, ìyẹn kí wọ́n pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní láàbù, ó máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ iye tó ṣeé ṣe kí wọ́n rí kó. Bó bá dé ibẹ̀, ó lè túmọ̀ sí pé kò yẹ kí ẹ fi falẹ̀, ìwọ àti ọkọ rẹ. Òun náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò? O sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, o ò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Fi fọ́tò gbogbo ìwé náà ránṣẹ́, títí kan ìsàlẹ̀ tí wọ́n kọ lẹ́tà wínníwínní sí. Ike oògùn tèmi, mo ti kó o sínú dúróà. Irun mi kò kúkú hù.

Iná ti dé. Ẹ̀jẹ̀ mọ́kànlá ló wà lórí yìnyín tí mo gbọ́dọ̀ sáré lọ gbé wọ fírísà kí wọ́n tó tún mú un lọ.

Èmi ni,
Bísí