Lẹ́tà sí ọmọkùnrin tí dáńfó gbé kọjá Fádéyí

Àbúrò mi,

Mi ò mọ orúkọ rẹ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Fádéyí lo fẹ́ bọ́ sí lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì yẹn, Palmgrove ni dáńfó sì gbé ọ dé. Èmi ni obìnrin tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó wọ bùbá àdìrẹ. Kò sí bí o ṣe lè rántí mi, torí mi ò sọ ohunkóhun.

A ò tíì kúrò ní Jíbọ̀wú tí mo ti rí i pé ò ń múra. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kì í múra kó tó pe "Ó wà o!" Ìwọ ń múra. O gbá báàgì rẹ mọ́yà, o tẹ ètè pọ̀, ò ń fi ìka lu orúnkún rẹ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ka nǹkan. Mo mọ ohun tí ò ń kà. Èmi náà máa ń kà á.

Fádéyí dé. Ẹnu rẹ là, ohùn ò jáde. O fọwọ́ gbá irin ìjókòó tó wà níwájú rẹ. Kọ́ńdọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Kí lò ń gbá? Ṣé o yadi ni?" Àwọn méjì kan rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán, a ti kọjá. Oníìpanu náà kọjá, kò sẹ́ni tó fẹ́ bọ́ níbẹ̀. Ní Palmgrove, ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátì ní kí wọ́n já òun, ìwọ náà bá a sọ̀kalẹ̀. Mo yíjú wo ẹ̀yìn. Mo rí ọ lẹ́bàá títì nínú oòrùn, ò ń rin ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ti gbé ọ kọjá padà, báàgì ṣì wà láyà rẹ.

"Ó wà." Ọ̀rọ̀ kékeré báyìí. Ní Èkó, ẹni tí kò bá lè pè é, bọ́ọ̀sì ni yóò máa yan ibi tí yóò bọ́ sí fún un.

Akólòlò lèmi náà. Mo ti mọ̀ kí kọ́ńdọ̀ tó bojú wẹ̀yìn. Mo lè bá ọ pè é. Ó ṣeé ṣe kí tèmi náà há sọ́fun, ṣùgbọ́n mi ò dán an wò rárá. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn, torí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ nígbà náà tí mo ti Accra dé, níbi tí àwọn èèyàn ti ṣe fún mi ohun tí mi ò ṣe fún ọ. Gbèsè ni lẹ́tà yìí.

Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn akólòlò kan lórí WhatsApp. Ará Gánà wà níbẹ̀, ará Kamẹrúùnù, ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àti àwa ọmọ Nàìjíríà tí a pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ inú ẹgbẹ́ yẹn pọ̀ ju ti ọjà Òyìngbò lọ. Ìka kì í kólòlò. Ẹni tí kò lè béèrè iye tí wọ́n ń ta ata lójúkojú, lóru yóò kọ ọ̀rọ̀ tó gùn bí ìwé ìròyìn, gbogbo wa yóò sì kà á tán. Mo mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Mo mọ ẹni tí wọ́n dá padà níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ nígbà mẹ́rin. Ohun kan ṣoṣo tí a ò mọ̀ nípa ara wa ni ohùn. Fọ́ìsì nóòtì ò wọ́pọ̀ láàárín wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gba ọ̀kan sílẹ̀ nígbà mọ́kànlá, mo sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Nígbà tí àwọn ará Gánà wá ní kí a wá pàdé ní Accra lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwa akólòlò kárí ayé láti ọdún 1998, ẹ̀rù bà mí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń kọ "mò ń bọ̀", tí mo tún ń pa á rẹ́.

Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Jíbọ̀wú kí ilẹ̀ tó mọ́. A gba Sẹ̀mẹ̀, a gba Kútọnu, a wọ Tógò, a gba Lómè dé Aflao. Ibodè mẹ́ta, ìbéèrè kan náà ní gbogbo wọn: kí lorúkọ rẹ? Ìwọ yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ tó le fún ọ̀pọ̀ nínú wa bí orúkọ ara wa. Ọ̀rọ̀ mìíràn, èèyàn lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Lẹ́tà B ló ń há sí mi lọ́fun jù, ọdún mélòó ni mo fi ń jẹ ẹ̀wà àgọ̀nyìn láìsí búrẹ́dì torí pé mi ò lè sọ pé búrẹ́dì ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ò ní arọ́pò, B náà ni tèmi sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀kan nínú àwọn ibodè yẹn, òṣìṣẹ́ kan wo fọ́tò inú ìwé ìrìnnà mi, ó wo mí, ó ní ta ló ni ín, ṣé èèyàn lè gbàgbé orúkọ ara rẹ̀ ni? Ó ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Awakọ̀ wa ló wá bá mi sọ orúkọ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú sì tì mí títí a fi wọ bọ́ọ̀sì padà.

Bí a ṣe wọ Tógò, aago fóònù mi padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Mo wò ó títí.

Nínú bọ́ọ̀sì yẹn ni mo ti rántí ìyá ìyá mi. Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n gbà padà wálé láti Kumasi ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé fi Gánà sílẹ̀. Èbúté Mẹ́tta ni wọ́n wá tẹ̀dó sí, níbẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, nínú àgbàlá tí àwọn àgbàlagbà kún. Ọmọ tó bá jí gbọ́dọ̀ kí gbogbo wọn. "Ẹ káàárọ̀" kì í jáde, nítorí náà mo kọ́ bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ kíákíá, kí orúnkún mi bá mi kí wọn. Àwọn kan gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Màmá àgbà nìkan ló máa ń fà mí mọ́ra tí yóò ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Ìtùnú ni wọ́n fi ṣe. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti máa ń bi ara mi léèrè pé ta ni yóò dúró títí akólòlò yóò fi pè é.

Iyàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Osu, àdúgbò kan ní Accra, ni a ti pàdé. Àga rọ́bà ni wọ́n tò yípo. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi, a wà nínú iyàrá kan náà, a dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́bàá ògiri, fóònù ni oníkálùkù tẹjú mọ́, inú ẹgbẹ́ ni a ṣì ti ń kọ̀wé síra wa: "Mo ti dé." "Èmi ni mo wọ aṣọ pupa." "Mo ti rí ọ." Ọkùnrin aláṣọ pupa gbójú sókè, ó wò mí, a sì tún dojú kọ fóònù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí oníkálùkù sọ orúkọ rẹ̀.

Àwa mẹ́tàlélógún ni a wà níbẹ̀. Orúkọ nìkan, àti ìlú tí a ti wá, ó gbà wá ní wákàtí kan àtààbọ̀. Obìnrin kan láti Kumasi wà nínú wa tó jẹ́ pé bí ó bá ń kọ̀wé nínú ẹgbẹ́, bí òjò ló ń rọ̀, o ò ní ka ìkan tán kí òmíràn tó dé. Ó dìde. Ó pa ojú dé, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, "A" àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀ ń lu ara rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Mo wo ojú àwọn èèyàn. Kò sẹ́ni tó wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní "fara balẹ̀", ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi sú mi láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Wọ́n kàn ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Orúkọ náà jáde. Wọ́n ní "Akwaaba", káàbọ̀ nìyẹn. Ó jókòó.

Ó kàn mí. Ètè mi pàdé, wọn kọ̀, wọn ò ṣí. Mo ń retí pé kí ẹnì kan bá mi parí rẹ̀, bí awakọ̀ ti ṣe. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo mọ̀ ní Èkó, ìdákẹ́jẹ́ ẹni tó ń kánjú ni, o máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí ò lọ síbì kankan. Nígbà tí orúkọ mi jáde, ó jáde tòun ti gbogbo ohùn rẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀, èmi ni mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò rántí ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn níwájú èèyàn tó tó ogún.

Mo fẹ́ sọ èyí tó kù fún ọ pẹ̀lú, kí o má baà rò pé ẹni pípé ni wá. Lọ́sàn-án, a ń jẹ kẹ́ńkè àti ẹja pẹ̀lú ṣító, mo jókòó ti bàbá kan tó wá láti Àjàṣẹ́, Porto-Novo ti Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá ni àwa méjèèjì ń sọ, inú mi dùn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Kútọnu. "Ọmọ mi ti k… k… k…" Ojú wọn fún pọ̀, ẹnu wọn wọ́. Mo wo ojú yẹn, mo rò pé ìbànújẹ́ ni, àánú ṣe mí, mo sì bá wọn parí rẹ̀. Mo ní, "Ó ti kú, Bàbá?"

Wọ́n mi orí. Wọ́n gbé ọwọ́ lé tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ òun ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè.

Èmi tí mo jẹ́ akólòlò láti ọmọdún mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ bẹ wọ́n. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n bu ẹja sínú àwo mi. Oúnjẹ ò wọ̀ mí lọ́fun mọ́. Mo ti ń bínú sí àwọn tó ń parí ọ̀rọ̀ mi fún mi láti ọjọ́ pípẹ́ wá, mi ò sì tíì mọ̀ pé bó ṣe rí níkùn wọn nìyẹn: àánú ni, pẹ̀lú ìkánjú tó fi àánú bojú.

Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kan bá wa sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́. Ó ní kì í ṣe ẹ̀rù ló ń fa kólòlò, kì í sì í ṣe àìgbẹ̀kọ́. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà to àkókò ẹnu, ahọ́n àti èémí pọ̀ ló yàtọ̀, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Bí ọmọdé márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń kólòlò nígbà kan, ó sì máa ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sílẹ̀. Nínú àgbàlagbà, ó kù bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù, bí mẹ́rin sí obìnrin kan. Mo yíjú ka àwa obìnrin: márùn-ún. Nígbà tí mo padà dé Èkó, mo ṣe ìṣirò tèmi. Èrò mẹ́rìnlá ni dáńfó ń gbé. Ọgọ́rùn-ún èèyàn jẹ́ bí dáńfó méje. Nínú dáńfó méje, akólòlò kan. Lọ́jọ́ tìrẹ, àwa méjì la wà nínú ẹyọ kan.

Ohun ìkẹyìn tí a ṣe kí a tó túká ni mo fẹ́ kí o mọ̀ jù. O ti mọ̀ pé a kì í kólòlò bí a bá ń kọrin. Bí a bá jọ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń rọ ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́rùn bákan náà. Torí ẹ̀ ni Sáàmù kò ṣe há sí mi lọ́fun rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo sì ń rò pé Ọlọ́run ló ń dá ibẹ̀ sí. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo wa sára pátákó, wọ́n ní kí a jọ pè wọ́n. A pe ti obìnrin Kumasi. A pe ti bàbá Àjàṣẹ́. Orúkọ mẹ́tàlélógún, kò sí èyí tó kọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó kan tèmi, mo gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo wọn, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi, ó ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Bàbá ń sunkún. Èmi náà ń sunkún.

Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì ní Yábàá, tí mo ń lọ kí ìyá mi ní Kétu. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. Mo ti so rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé bí omi òkun mọ́ báàgì mi, àwọ̀ tí àwọn akólòlò ń lò kárí ayé, wàá rí i. Bí o bá rí mi, wá jókòó tì mí. Má múra ohun tí o fẹ́ sọ sílẹ̀, Kétu jìnnà.

Bí a bá ti ń sún mọ́ Fádéyí, fọwọ́ kàn mí lápá, kí a jọ pè é.

Èmi ni,
ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn.