Àṣàkẹ́, asáìnmẹ́ǹtì yẹn ti pọ̀ jù

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà n'Íkòròdú níbẹ̀? Àwa náà wà l'Ẹ́pẹ́, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tó o sọ lórí fóònù lánàá ni ò jẹ́ kí n sùn, pé o fún àwọn ọmọ práímárì 3 ní sọ́ọ̀mù 30, àwọn mẹ́jọ péré ló ṣe é wá, lo bá ní kí àwọn tó kù kúnlẹ̀. Mi ò bá ẹ jà o. Èmi náà na ọmọkùnrin kan rí torí asáìnmẹ́ǹtì nígbà tí mo ṣì ń ṣe tíṣà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ ra ẹja lọ́jà Olúwo, mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀ tó ń ha ìpẹ́ ẹja, ìwé ẹ̀ wà lórí àpótí, ó ti ṣe nọ́ńbà kìíní àti ìkejì, ìpẹ́ ti lẹ̀ mọ́ pépà. Kò lè wojú mi, èmi náà ò lè wojú ẹ̀.

Jọ̀ọ́, sọ́ọ̀mù 5 ti tó, mẹ́ta nínú ohun tó o kọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn, méjì látinú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kí wọ́n má bàa gbàgbé. Harris Cooper, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Yunifásítì Duke l'Amẹ́ríkà tó ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí, fara mọ́ asáìnmẹ́ǹtì ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ti práímárì 3 á wá jẹ́ bí ìṣẹ́jú 30, ó sì ní àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ló ń jàǹfààní ẹ̀ ju àwọn kéékèèké lọ.

Àti máàkì ńkọ́? Ọmọ 45, sọ́ọ̀mù 30, 1,350 nìyẹn, ìgbà wo lo fẹ́ máàkì ẹ̀ tán? Ọmọ tó bá ṣe é tí tíṣà ò wò ó, kò ní ṣe òmíì. Tó bá jẹ́ 5, wàá rí i máàkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wàá sì mọ ibi tí ò yé wọn.

Ohun tí ọmọ lè dá ṣe ni kó o fún un. Tí ìwé ọmọ bá ṣàdédé mọ́ tónítóní, àńtì ẹ̀ ló bá a kọ ọ́. Má ní kí wọ́n lọ wo Google, ta ló fẹ́ ra dátà? Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń ta tòmátì, kó ka iye tó wà nínú abọ́ kan, kó wá ṣírò ti abọ́ 6.

Àwọn tó kúnlẹ̀ yẹn, pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó o bi wọ́n jẹ́jẹ́ ibi tí wọ́n máa ń wà tí skúùlù bá ti parí. Mo ti di ẹja gbígbẹ fún ẹ, lọ gbà á ní gáréèjì ní Sátidé.

Màámi ẹ